Ta Ló Ní Kí Dírẹ́bà Sáré?



Láti ìpàdé ẹ̀ka tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìdógùn, ní Ìfọ́n àti ní Ọ̀wọ̀. Àwọn awakọ̀ kan dìde ní ìpàdé náà, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ bá àwọn jà lórí owó ìtanràn tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sá eré àsápajúdé. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé pé kí wọ́n pa ìtanràn náà rẹ́ pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, dá wọn lóhùn pé owó náà kò tilẹ̀ tó, pé ẹ̀wọ̀n ni ó yẹ kí wọ́n máa fi dírẹ́bà asáré sí. Ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí alága fi ní kí a sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, a fẹ́ sọ èrò tiwa síhìn-ín, kí olúkúlùkù lè gbé e yẹ̀ wò nílé.

Èrò wa kò ní tẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́rùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òfin tí ó dín eré ọkọ̀ kù dára, kí ó dúró, kí ìtanràn rẹ̀ náà sì dúró. Ṣùgbọ́n òfin tí ó mú ẹni tí ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, tí ó sì fi ẹni tí ó ń ka wákàtí fún un sílẹ̀, ó ń fi ètè sílẹ̀, ó ń pa lápálápá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí, nítorí a ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pariwo lé e lórí kò mọ̀ ọ́n. Láàárín ìlú àti abúlé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, takisí àti bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ sá ju 50 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Tánkà àti tírélà kò gbọdọ̀ ju 45. Ní ojú títì tí ó so ìlú mọ́ ìlú, 80 ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, takisí àti bọ́ọ̀sì. 50 ni ti tánkà àti tírélà. Ní òpópónà ńlá tí àlọ rẹ̀ yàtọ̀ sí àbọ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni lè sá 100, takisí àti bọ́ọ̀sì 90, tánkà àti tírélà 60. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí, 3,000 náírà ni ìtanràn tí wọ́n kọ fún un, wọn yóò sì kọ pọ́ìǹtì 3 sí i lọ́rùn. Ibi pọ́ìǹtì yìí ni kí awakọ̀ ti la ojú rẹ̀. Bí ó bá pé 10, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá pé 15, wọ́n lè gba láísẹ́ńsì rẹ̀ fún ìgbà kan. Bí ó bá pé 21, láísẹ́ńsì lọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré tí wọ́n bá mú ènìyàn fún eré ti di pọ́ìǹtì 15. Láísẹ́ńsì sì ni ọkọ́ àti àdá awakọ̀. Ẹni tí wọ́n gba ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ?

Ẹ má sì rò pé ọ̀tá òṣìṣẹ́ ni ó dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní 1977, nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ ń jẹ àwọn ọmọ yunifásítì bí ẹni jẹ̀kọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀ nígbà náà, ni ó ṣáájú àwọn tí ó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kárùndínláàádọ́ta ti ọdún náà, wọ́n fi dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Ṣóyínká náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òkú ọmọ ọlọ́mọ ni ó bí òfin náà.

Ìṣirò eré kò ṣòro. Àwa tí a lọ sí ilé-ìwé alẹ́ lè ṣe é sẹ́yìn páálí sìgá. Ọkọ̀ tí ó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan a máa rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó ń sá 100 a máa rin nǹkan bíi mítà 28. Kí ojú tó rí ọmọ tí ó já sí ojú títì, kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó kan bíréékì, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ. Ọkọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, ó ti kọjá ilé méjì. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréékì yóò jẹ kí ọkọ̀ tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Èyí jẹ́ bí táyà bá dára, bí òjò kò bá rọ̀, bí ẹrù kò bá pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà mọ irú táyà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò.

Èrè wo ni a ń rí níbẹ̀? Ẹni tí ó bá sá 80 yóò fi ìṣẹ́jú 75 rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ẹni tí ó bá sá 120 yóò fi ìṣẹ́jú 50 rìn ín. Ìṣẹ́jú 25 ni gbogbo èrè eré àsápajúdé lórí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, èyí náà sì jẹ́ bí ọ̀nà bá dán bí àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ wá sí Ọ̀wọ̀, tí ó gba Ìfọ́n lọ sí Benin, ó mọ̀ pé ibi tí àwọn agbófinró ti ń dá ọkọ̀ dúró nìkan tó láti jẹ ìṣẹ́jú 25 náà tán. A fi ẹ̀mí wéwu, a kò rí ààbọ̀ wákàtí kó délé.

Awakọ̀, ẹ má bínú sí wa, a óò sọ ti yín kí a tó sọ ti ẹlòmíràn. Àwọn kan wà nínú wa tí kò sí ọ̀gá kan tí ó lé wọn, tí wọ́n fẹ́ràn eré nítorí eré. Bí ẹlòmíràn bá kọjá wọn, ó dàbí ẹni pé wọ́n bú wọn. Àwọn kan ti mu páragà méjì ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọn a ní kádàrá ni, wọn a ní Ògún ló fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ oníkálukú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì tí wọ́n ti ń rìn tipẹ́tipẹ́ sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ìjọba ti kéde rẹ̀ títí, òfin náà sì mú tálákà mú ọlọ́rọ̀, gbogbo ènìyàn sì tẹ̀lé e. Bí awakọ̀ bá lè yí ọwọ́ tí ó ń gbà padà ní ọjọ́ kan, kò sí kádàrá kankan tí ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ iná ọkọ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti aago.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tí ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń wa lọ́rì, tí kò fi ọkọ̀ pa adìẹ rí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí tábìlì. Ilé-iṣẹ́ náà gbé ìwé ìrìnnà tuntun jáde: kí ẹrù kúrò ní ìrọ̀lẹ́, kí ó dé Èkó, kí wọ́n já a, kí ọkọ̀ sì ti padà sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ kejì ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá dé ní àkókò yóò gba owó tíríìpù lé owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́, owó tíríìpù lọ. Baba yìí fi ìwọ̀n eré tí òfin là sílẹ̀ rìn, òjò sì rọ̀ lọ́nà; agogo mẹ́sàn-án ni ó wọlé. Máníjà bi í pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ni ẹ fi rìn ni, Bàbá?" Wọ́n gba owó tíríìpù rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀sùn pé kí ó wí tẹnu rẹ̀ lórí ohun tí ó mú un pẹ́.

Ní ìrìnnà tí ó tẹ̀ lé e, baba tẹná. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó mú un, wọ́n já ìwé fún un: 3,000 náírà, pọ́ìǹtì 3. Nígbà tí ó wá bá àwa aṣojú ẹgbẹ́, ìwé méjèèjì ni ó kó sílẹ̀ níwájú wa. Ọ̀kan ń bi í pé kí ló dé tí o fi sáré. Èkejì ń bi í pé kí ló dé tí o kò sáré. Ìwé méjì, ẹ̀sùn méjì, ọrùn kan ṣoṣo. A kó ìwé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì máníjà, a tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì rẹ̀. A ní, "Ọ̀gá, èwo nínú méjèèjì ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe?" Ó wò wọ́n títí. Ó ní láti oríkò ilé-iṣẹ́ ni ìwé ìrìnnà ti wá, pé òun kò lè yí i padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé dúró.

Ti àwọn tí ń wa bọ́ọ̀sì àti takisí kò yàtọ̀ sí èyí. Wọn kò ní ìwé ìrìnnà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọlọ́kọ̀. Iye tí ọlọ́kọ̀ yóò gbà ní alẹ́ ti dúró sójú kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí èrò pọ̀, bí kò pọ̀, bí epo wọ́n, bí kò wọ́n, iye náà kò yí padà. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni dírẹ́bà yóò gbé lọ sílé. Dírẹ́bà tí ó bá ti san owó ọlọ́kọ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí kò tíì rí tirẹ̀, ẹ sọ fún un pé kí ó máa rọra wakọ̀ kí ẹ rí ohun tí yóò fi dá yín lóhùn.

Àwa tí a sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé-iṣẹ́, tí a ní kí wọ́n fi dírẹ́bà sẹ́wọ̀n, ta ni ó ń pariwo láti ẹ̀yìn ọkọ̀ láràárọ̀ pé, "Dírẹ́bà, tẹná, a ti pẹ́"? Àwa náà ni. Kí ló sì dé tí a fi ń pariwo? Nítorí wọn yóò ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ ní agogo méje, ẹni tí ó bá sì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá pàdánù owó iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Ẹ wá rí i pé aago kan náà ni ó ń lé wa. Èyí tí ó wà lára ògiri ilé-iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń lé dírẹ́bà, dírẹ́bà ń lé ọkọ̀, ọkọ̀ ń lé ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé lẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì jókòó ní ìpàdé, a ń bú ara wa. Ẹni tí ó ni aago náà kò sí níbẹ̀.

Bí a bá tún fẹ́ mọ bí owó ìtanràn yìí ṣe wúwo sí, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè pé lórí ta ni. Ní 2011, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ 18,000 náírà, 3,000 náírà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà owó oṣù náà. Láti 2024 tí òfin ti sọ ọ́ di 70,000, ó ti fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ owó gàárì ilé awakọ̀. Lójú ẹni tí ó ni tírélà ogún, kò tó owó epo tí ó dànù. Ní ilẹ̀ Fíńlándì, ìtanràn eré a máa tẹ̀lé owó tí ń wọlé fún ènìyàn. Ní 2023, olówó ńlá kan níbẹ̀ sá 82 níbi tí wọ́n ní kí ó má ju 50 lọ, wọ́n sì bu ìtanràn 121,000 owó yúrò fún un. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí ó wúwo, òfin náà a wúwo lé e.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Festus Iyayi, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Benin, ẹni tí ó ti jẹ́ ààrẹ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Òṣìṣẹ́ ni, ajìjàgbara fún òṣìṣẹ́ sì ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2013, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí Kano fún ìpàdé ẹgbẹ́ lórí ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Lẹ́bàá Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ kan nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ gómìnà Ìpínlẹ̀ Kogi kọlu bọ́ọ̀sì wọn. Iyayi kú. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀wọ́ ọkọ̀ àwọn ènìyàn ńlá ṣe máa ń fọn fèrè kọjá ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ìfọ́n, tí oníkálukú a sì bọ́ sínú igbó fún wọn. Ẹni tí ó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Bí ó bá fà sẹ́yìn, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ni ó ń kánjú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òfin kò lè mú ọ̀gá. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, òfin ìrìnnà wọn ti ọdún 1984 sọ ọ́ kedere pé bí agbanisíṣẹ́ bá fún awakọ̀ ní ìwé àkókò tí kò ṣe é bá láìṣe pé ó rú òfin eré, wọ́n lè gbé ìwé náà wá sí ilé-ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé agbanisíṣẹ́ ni ó ti awakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé ìrìnnà tí máníjà buwọ́ lù náà ni yóò jẹ́rìí sí i. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà ní Nàìjíríà, ìwé méjì tí baba yẹn kó síwájú wa ìbá ti lọ sí ilé-ẹjọ́, dípò kí wọ́n máa gbó nínú fáìlì ẹgbẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a óò gbé ka iwájú ìpàdé ẹ̀ka nìyí:

Èkíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe kọ̀wé pé kí wọ́n pa ìtanràn eré rẹ́. Awakọ̀ tí kò sí ẹni tí ó lé e, tí ó sáré fún ìgbádùn ara rẹ̀, kí ó san tirẹ̀. Kí ó sì san án sí báńkì, kí ó gba rìsíìtì. Ẹni tí ó bá ń ki owó bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ń ra àyè láti tún sáré lọ́la ni.

Èkejì, kí àwa àti àwọn máníjà jọ jókòó ṣe ìwé ìrìnnà. Kí a fi ìwọ̀n eré tí òfin là sílẹ̀ ṣírò rẹ̀, kí a fi àkókò oúnjẹ, àkókò orun àti àkókò òjò kún un. Bí wọ́n bá mú awakọ̀ lórí ìwé ìrìnnà tí kò bá òfin mu, kí ilé-iṣẹ́ san ìtanràn náà. Kí wọ́n má sì kọ ìwé ẹ̀sùn sí ẹni tí ó pẹ́ nítorí pé ó pa òfin mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pa owó tíríìpù pọ̀ mọ́ owó oṣù. Owó tí a ń gbà nítorí eré, owó ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ tí ó wọ bọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó gé owó rẹ̀, kí èrò lè gbẹ́nu dákẹ́ lẹ́yìn dírẹ́bà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ̀ka wa gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àpapọ̀, kí wọ́n bá àwọn aṣòfin sọ ọ́, kí òfin tí ó mú awakọ̀ lè mú ẹni tí ó rán an níṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹfà jẹ́ ti àwa fúnra wa. Láti oṣù kejì ọdún 2017 ni Àjọ náà ti ń mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù tí kò ní ẹ̀rọ tí ń dín eré kù. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá tú ẹ̀rọ náà kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀, kí ó má retí pé a óò bá a rojọ́. Àyè sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Kí àwọn awakọ̀ àgbà nínú wa lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ọ̀nà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀gá kò ní gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nígbà tí a ń béèrè fún owó àjẹmọ́nú àti fún ìsinmi ọlọ́dọọdún. Ohun tí ọ̀gá kò gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó máa ń gbà á lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Baba tí ó kó ìwé méjì wá bá wa ṣì ń wa lọ́rì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó lè wà lójú ọ̀nà, kí ó máa wo aago, kí ó máa wo ojú títì, kí ó máa rò ó bóyá kí òun tẹná tàbí kí òun má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó dá nìkan rò ó.

Ẹ wá sí ìpàdé. Awakọ̀, ẹ wá. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ẹ wá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìjà ara wa sílẹ̀, kí a lọ bá ẹni tí ó ni aago.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!